Arthur Pryor àti Àwọn Afọnfèrè Tí A Kò Mọ Orúkọ Wọn

Ẹni tó bá ń gbé ní Àgbàdo, ní agbègbè Alímòṣọ́, mọ bí òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú àgbà ṣe máa ń rí. Àwọn afọnfèrè ni yóò ṣáájú pósí, tí ọmọ àti àna olóògbé yóò máa jó tẹ̀ lé wọn. Láàrin wọn ni a ti sábà máa ń rí ẹnìkan tó gbé fèrè irin gígùn dání, tó ń ti ọ̀pá rẹ̀ síwájú, tó sì ń fà á padà sẹ́yìn. Trombone ni wọ́n ń pè é. A máa ń jó sí ohùn rẹ̀, a sì máa ń lẹ owó mọ́ ẹni tó ń fọn ọ́ níwájú orí, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ń bèèrè orúkọ rẹ̀? Ìtàn afọnfèrè kan tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, kí a lè wo ohun tó pa orúkọ náà mọ́.

Arthur Pryor ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Ìlú St. Joseph, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1870. Olórí ẹgbẹ́ afọnfèrè ni bàbá rẹ̀, nítorí náà inú iṣẹ́ yìí ló dàgbà sí. Ní 1892, ó wọ ẹgbẹ́ John Philip Sousa, ẹgbẹ́ afọnfèrè tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Níbẹ̀ ló wà títí di 1903, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ká tó lè mọ iyì ohun tí Pryor ṣe, ó yẹ ká mọ ìṣòro fèrè rẹ̀. Kò sí ihò tàbí bọ́tìnnì tí ìka lè tẹ̀ lára trombone tí à ń fà. Ipò méje ni ọ̀pá rẹ̀ ní, kò sì sí àmì kankan tó fi wọ́n hàn. Etí àti apá nìkan ló ń wá wọn rí. Níbi tí afọnfèrè kékeré bá ti tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, apá ẹni tó ń fọn trombone lè ní láti rin ìrìn àjò gígùn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fi trombone sí, kó máa gbe àwọn yòókù lẹ́sẹ̀.

Ní nǹkan bí 1899, Pryor kọ iṣẹ́ tó yí èrò yẹn padà. Orin ìbílẹ̀ àwọn ará Scotland kan tí ń jẹ́ Blue Bells of Scotland ló mú. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí fèrè kọ orin náà bí gbogbo ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dárà sí i: ó ń sáré, ó ń fò láti ohùn ìsàlẹ̀ dé ti òkè, láìjẹ́ kí orin àkọ́kọ́ sọnù. Yorùbá kò ní ṣàìmọ irú ọgbọ́n yìí. Bí akígbe oríkì ṣe ń ṣe náà nìyẹn: yóò pe orúkọ rẹ, yóò wá máa yí i po títí orí rẹ yóò fi wú. Títí di òní, iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ trombone fi ń dán ara wọn wò.

Kí ló wá pa orúkọ Pryor mọ́? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí ìwé. Èkejì ni àwo orin. Sousa kò fẹ́ràn ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rárá, ó tilẹ̀ kọ àròkọ ta kò ó ní 1906. Pryor ní tirẹ̀ kò kórìíra rẹ̀. Òun ló darí púpọ̀ nínú àwọn àwo ẹgbẹ́ Sousa, a sì lè gbọ́ bó ṣe fọn fèrè rẹ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìdà kejì ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Sousa lọ sí Paris ní 1900, ragtime wà lára orin tí wọ́n fi dá àwọn ará Yúróòpù lára yá, Pryor sì ni ọ̀gá irú orin bẹ́ẹ̀ láàrin wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ni ragtime. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi ṣeré ní Missouri àti níbòmíràn kò ní ìwé, wọn kò ní àwo, a kò sì mọ orúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ àwa náà nìyẹn. Boys' Brigade dé Èkó ní 1908, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà sì dé ní 1920. Irú àwọn ẹgbẹ́ ìjọ báwọ̀nyí ló fi fèrè irin lé ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni trombone bá èdè wa mu gan-an. Bí awọ dùndún ṣe ń gbé ohùn gòkè tí ó ń gbé e sọ̀kalẹ̀ láìjá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá trombone lè ṣe. Fèrè tó lè sọ Yorùbá ni. Fẹlá Ṣówándé ti fi hàn pé orin wa lè di iṣẹ́ ńlá lórí ẹ̀rọ òkìtì tí wọ́n ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ọ́gàànù. Ohun tó ṣe fún ọ́gàànù, ẹlòmíràn lè ṣe é fún trombone.

Títí di ìgbà náà, iṣẹ́ kékeré kan wà tí gbogbo wa lè ṣe. Bí àwọn afọnfèrè bá tún gba àdúgbò rẹ kọjá, lẹ́yìn tí o bá ti náwó fún wọn tán, bèèrè orúkọ ẹni tó ń fa fèrè gígùn yẹn. Fi fóònù rẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.