Ìfọ́n sí Èkó: Jíjìnnà àti Àkókò Ìrìnàjò Òfurufú

Ìfọ́n, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò ní pápákọ̀ òfurufú. Méjì ló sún mọ́ ọn. Bí a bá fa ìlà tó gún lórí àwòrán ilẹ̀, ti Àkúrẹ́ tó nǹkan bíi kìlómítà 65 síbẹ̀, ti Bìní sì tó 70. Èkó fúnra rẹ̀ tó 270 lórí ìlà yẹn, àmọ́ ọ̀nà mọ́tò tó gba Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìrìnàjò yìí ṣe máa pẹ́ tó kò lè gbára lé iye kìlómítà nìkan, nítorí orí ilẹ̀ ni àkókò ń lọ sí jù, kì í ṣe òfurufú.

Ẹ wo Àkúrẹ́ sí Ìkẹjà, níbi tí pápákọ̀ Èkó wà, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 230. Bàálù tó ń sá 800 láàárín wákàtí kan ì bá fi ìṣẹ́jú 17 débẹ̀, síbẹ̀ ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan ló sábà máa ń wà lórí ìwé ètò. Ìdí ni pé láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tí èrò ti wọ̀ ọ́ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti rìn dé ojú ọ̀nà tó ti ń gbéra, kó rọra gòkè, kó sì dẹ eré kó tó balẹ̀, bí ọ̀nà kúrú bí ó gùn. Nítorí náà, Èkó sí Àbújá ju ìlọ́po méjì ti Àkúrẹ́ sí Ìkẹjà lọ ní jíjìnnà, àmọ́ kì í gba ìlọ́po méjì àkókò. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, tó tó kìlómítà 5,000, ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Níbẹ̀ ni eré bàálù ti ń lérè gidi.

Àwọn kan lè ní wákàtí kan lókè ṣáà sàn ju odindi ọjọ́ lórí títì. Òótọ́ ni, àmọ́ ará Ìfọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé pápákọ̀, kó sì tètè dé kí wọ́n tó yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Àkúrẹ́ sún mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bàálù Bìní pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, ìdúró sì lè gùn ju ìrìn lọ. Ewu tún wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́: ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, bí ó ti ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sílé. Bàálù kò lè fo apá ọ̀nà yẹn fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá ní kí wọ́n kọ́ pápákọ̀ sí Ọ̀sẹ́, ìdáhùn ni pé ibi tí èrò kò pọ̀, bàálù kì í pọ̀ níbẹ̀. Títì tó dára, tí ẹ̀ṣọ́ wà lójú rẹ̀, láti Ìfọ́n dé Ọ̀wọ̀ ni yóò dín ìrìnàjò Èkó kù fún èrò ọkọ̀ òfurufú àti èrò mọ́tò lápapọ̀.