Ṣé pípa ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ́ ti tó kí AI gbàgbé ohun tí ẹ sọ fún un?

Àhesọ: Tí ènìyàn bá ti pa ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú AI rẹ́, AI náà ti gbàgbé gbogbo ohun tó sọ fún un.

Àbájáde ìwádìí: Kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lórí ChatGPT, fún àpẹẹrẹ, ibi tí ìrántí wà yàtọ̀ sí ibi tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wà. Ó lè pọn dandan kí ẹ pa méjèèjì rẹ́.

Ìròyìn ní kíkún

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2021, nọ́ńbà fóònù yí padà jákèjádò Côte d'Ivoire. Nọ́ńbà ẹyọ mẹ́jọ di ẹyọ mẹ́wàá. Wọ́n fi 07 ṣíwájú nọ́ńbà alágbèéká ti Orange, 05 ṣíwájú ti MTN, àti 01 ṣíwájú ti Moov. Àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń ṣòwò ní Abidjan, àti àwọn ẹbí wọn nílé, ní láti ṣàtúnṣe sí àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀.

Fóònù nìyẹn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ìkáwọ́ AI: orúkọ ẹbí, nọ́ńbà oníbàárà, ẹni tó jẹ gbèsè. Àwọn AI kan tilẹ̀ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ fúnra wọn. Bí ohun tí wọ́n rántí kò bá tọ̀nà mọ́, iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ṣe kò ní tọ̀nà.

Báwo ni AI ṣe ń to ìrántí rẹ̀?

Ọ̀nà kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní knowledge graph. Ẹ wò ó bí ìgbà tí a bá ya ìran ìdílé kan sórí ìwé: orúkọ wà níhìn-ín, orúkọ wà lọ́hùn-ún, ìlà sì so wọ́n pọ̀. "Àǹtí" jẹ́ orúkọ kan, "Adjamé" jẹ́ òmíràn, ìlà tó wà láàárín wọn sì ń sọ pé "ń gbé ní." Nọ́ńbà fóònù Àǹtí á wà lábẹ́ orúkọ wọn.

Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kan jáde fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀, fífi ọ̀rọ̀ tuntun kún un kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Tí ẹ bá kàn fi nọ́ńbà tuntun kún un, Àǹtí á ní nọ́ńbà méjì, AI sì lè mú èyí tí kò tọ́. Nọ́ńbà tí ènìyàn pa tì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ Àǹtí.

Oríṣi àtúnṣe mẹ́ta

1. Ohun tó ti yí padà: ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ tó fi tuntun sí i. Nọ́ńbà fóònù wà lára irú èyí.

2. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nígbà kan: ẹ má pa á rẹ́, ẹ fi ọdún sí i. Abidjan ni olú-ìlú Côte d'Ivoire títí di ọdún 1983, tí ipò náà bọ́ sọ́wọ́ Yamoussoukro. Tí kò bá sí ọdún lára rẹ̀, òótọ́ àtijọ́ lè di irọ́ lónìí.

3. Ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá: ẹ pa á rẹ́ pátápátá. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì àti àìsàn ẹlòmíràn wà lára èyí.

Báwo lẹ ṣe lè ṣe é?

Oṣù Kejì ọdún 2024 ni OpenAI bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìrántí wò lórí ChatGPT. Láti rí ohun tó ti fi pamọ́, ẹ lọ sí "Settings", lẹ́yìn náà "Personalization", kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìrántí. Ẹ kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pa èyí tí ẹ kò fẹ́ rẹ́.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, ChatGPT tún lè lo àwọn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àtijọ́. Nítorí náà, ẹ pa ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde rẹ́ pẹ̀lú. OpenAI fúnra rẹ̀ sọ pé òun lè tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrántí tí ẹ pa rẹ́ fún ọjọ́ 30.

Tí AI bá dáhùn pé "mo ti gbàgbé," ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ padà lọ wo ibi ìrántí náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tuntun, kí ẹ bi í ní ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni òfin sọ?

Òfin Côte d'Ivoire nọ́ńbà 2013-450, ti ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2013, fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀, àti láti ní kí wọ́n ṣàtúnṣe sí i. ARTCI, tó wà ní Abidjan, ló ń mójú tó òfin náà. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2023 fúnni ní ẹ̀tọ́ àtúnṣe bákan náà.

Àkótán

Pípa ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nìkan rẹ́ kò tó. Ẹ ṣí ibi ìrántí, ẹ tún ohun tó yí padà ṣe, ẹ fi ọdún sí ohun àtijọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ́, kí ẹ sì dán an wò. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí AI bá fún yín, ẹ pe ẹni náà fúnra yín.