Ìgbà tí Ilé Ìwòsàn Ń Ti Ìyá Ọmọ Síta

Ní Lọ́ńdọ̀nù ọdún 1949, òbí tó bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kì í dúró tì í. Ní Guy's Hospital, ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń gba àlejò fún ọmọdé, láti aago méjì sí aago mẹ́rin ọ̀sán. Ti St Thomas's tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní oṣù àkọ́kọ́, òbí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ rí òun, ìgbà tí ọmọ bá ti sùn, láàárín aago méje sí mẹ́jọ alẹ́, ló lè wá yọjú wò ó. Kò sí ìkà nínú rẹ̀ lójú àwọn dókítà ìgbà náà. Wọ́n ń bẹ̀rù kí àlejò má kó àrùn wọ wọ́ọ̀dù. Ìdí kejì ni pé bí ìyá bá wá tó tún fẹ́ padà lọ, ọmọ a bú sẹ́kún, gbogbo wọ́ọ̀dù a sì dàrú. Bí ìyá kò bá wá rárá, ọmọ a sunkún fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà a dákẹ́, a jẹun, a jẹ́ kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì a ní ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó gbà pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù.

Èrò tó gbé òfin yìí ró ti wà tipẹ́. Ní 1928, John B. Watson, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó lórúkọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí ọmọ títọ́. Ó ní kí òbí má ṣe máa dì mọ́ ọmọ, kí wọ́n má jẹ́ kó jókòó lé àwọn lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n kàn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀. Bóyá ni ìyá àgbà kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí yóò gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí tí kò ní béèrè bóyá Watson ti pọn ọmọ rí. Àwọn ọmọlẹ́yìn Freud, dókítà tó dá ẹ̀kọ́ ìtúpalẹ̀ ọkàn sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti Watson mu níbi púpọ̀, gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ohun kan: pé oúnjẹ ni ọmọ ń wá lọ́dọ̀ ìyá, ìfẹ́ sì ń tẹ̀lé oúnjẹ.

Dókítà René Spitz wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi òǹkà ta ko èrò yìí. Ní 1945 ó tẹ ìwádìí kan jáde tó fi ibùdó ọmọ méjì wéra. Ọ̀kan wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n ti ń fi ọwọ́ ara wọn tọ́ ọmọ wọn. Èkejì jẹ́ ilé ọmọ òrukàn tó mọ́ tónítóní, tí oúnjẹ kò wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú bí ọmọ mẹ́jọ. Nínú ọmọ 91 tó wà ní ilé ọmọ òrukàn náà, 34 ni ó kú kí ọdún méjì tó pé. Kò sí ọmọ ẹlẹ́wọ̀n kankan tó kú.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ìlú. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọdé kúrò ní àwọn ìlú ńlá lọ sí ìgbèríko nítorí bọ́ǹbù. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, dókítà mẹ́ta kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé ewu ńlá ni láti ya ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. John Bowlby wà lára wọn. Wọ́n bí i ní 1907 sí ilé ọlọ́lá tí olùtọ́jú ti ń tọ́ ọmọ. Obìnrin tó tọ́ ọ gan-an fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Bowlby wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin, àdánù náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi dàgbà. Ní 1944 ó tẹ ìwádìí jáde nípa ọmọdé 44 tó ń jalè. Mẹ́rìnlá nínú wọn ni kò dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Méjìlá nínú mẹ́rìnlá yìí ni wọ́n ti yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ìwádìí náà kéré, àwọn èèyàn sì bẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n òun ló gbé Bowlby dé ibi tó ń lọ.

Ní Hampstead, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, Anna Freud àti Dorothy Burlingham ti ṣí ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń tọ́jú gbogbo ọmọ. Nígbà tí wọ́n pín àwọn ọmọ sí agbo kéékèèké, tí agbo kọ̀ọ̀kan sì ní “ìyá” tirẹ̀, ìjà àti owú bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ń du obìnrin wọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu àwọn tí kò tètè sọ̀rọ̀, àwọn tó ń tọ̀ sára sì jáwọ́. Òfin ibẹ̀ ni pé gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tí wọ́n bá rí lára àwọn ọmọ sílẹ̀, títí kan ọkùnrin ará Scotland tó ń dáná sí bọ́ílà. James Robertson ni orúkọ rẹ̀.

Ní 1948 Robertson lọ bá Bowlby ṣiṣẹ́ ní Tavistock Clinic. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jókòó ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, kó máa wò. Ohun tó rí pín sí mẹ́ta. Ọmọ a kọ́kọ́ figbe ta, a máa pe ìyá rẹ̀, a máa lé ọwọ́ nọ́ọ̀sì dànù. Lẹ́yìn náà ìrètí a pin, ojú a rẹ̀ wẹ̀sì. Ní ìkẹta, ọmọ a tújú ká, a máa bá ẹni gbogbo ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá dé, a yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìkẹta yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ìwà pẹ̀lẹ́.

Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Robertson bá ra kámẹ́rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lo irú rẹ̀ rí. Wọ́n fa orúkọ kan yọ láìṣà nínú àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ: ọmọbìnrin kan, Laura, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì àti oṣù márùn-ún, tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìdodo. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò. Àkókò kan náà ni Robertson ń yàwòrán lójoojúmọ́, ó sì jẹ́ kí aago ara ògiri hàn nínú fíìmù, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ibi tó wù ú nìkan ló yà. Laura kì í ké púpọ̀. Ó ń kó ara rẹ̀ níjàánu, èyí sì ń dun ẹni tó ń wò ó ju igbe lọ. Nígbà tí wọ́n fi fíìmù náà han àwọn dókítà ní Royal Society of Medicine ní oṣù kọkànlá 1952, wọ́n fárígá. Ẹnìkan dìde pé ìbanilórúkọjẹ́ ni. Dermod MacCarthy, dókítà ọmọdé ní Amersham, wà lára àwọn tí inú bí. Nígbà tó padà sí wọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó rí i pé ohun tó wà nínú fíìmù ló wà níwájú òun, ó sì ní kí àwọn ìyá wá máa sùn ti ọmọ wọn.

Ní 1959 ìgbìmọ̀ Platt dá a lábàá fún ìjọba pé kí ilé ìwòsàn máa gba òbí nígbàkígbà. Àbá lásán ni, ilé ìwòsàn púpọ̀ ni kò kà á sí. Àwọn ìyá tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1961 ló wá ń ṣí ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bowlby fúnra rẹ̀ ti kọ ìròyìn fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1951, pé ọmọ kékeré nílò ìfẹ́ ìyá, tàbí ẹnìkan tó dúró bí ìyá, láìsí ìdádúró. Ní 1958, Harry Harlow ní Wisconsin fi ọmọ ọ̀bọ ta ko èrò oúnjẹ àtijọ́ náà: ère wáyà ló ń fún wọn ní wàrà, ère tí wọ́n fi aṣọ bò ni wọ́n sì ń dì mọ́. Ìfẹ́ kò tẹ̀lé oúnjẹ.

Ẹni tó kọ́kọ́ lọ wo ọ̀rọ̀ náà nínú ilé àwọn èèyàn ni Mary Ainsworth, tó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́. Ní 1954 sí 1955, ó ń yí abúlé kiri nítòsí Kampala ní Uganda, ó ń bẹ ìdílé 26 wò. Ohun tó fà á lọ ni àṣà àwọn Ganda, tí wọ́n máa ń gbé ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ohun tó rí jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ a rá kúrò lọ́dọ̀ ìyá, a lọ wo nǹkan, a tún bojú wẹ̀yìn, a padà. Àwọn ìyá tó lè sọ ìwà ọmọ wọn ní kúlẹ̀kúlẹ̀ sì ni ọkàn ọmọ wọn balẹ̀ jù. Ìwé rẹ̀ lórí Uganda jáde ní 1967.

Margaret Mead, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ti bi Bowlby léèrè tẹ́lẹ̀ pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìyá kan ṣoṣo, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ púpọ̀ ló ń gbé ọmọ níbi púpọ̀ láyé. Ìbéèrè yìí kan àwọn Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ní Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, àwọn tọkọtaya láti Nàìjíríà, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, wá kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ìṣirò owó àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n ń kàwé lálẹ́, onílé kì í sì í fẹ́ gba ẹni tó ní ọmọ. Wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n sì gbé ọmọ fún àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní Kent, Essex àti Sussex. Lójú wọn, àgbàtọ́ ni, bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ṣì ń gbọ́ èdè ilé, gbogbo àdúgbò ló mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ìyá rẹ̀ sì lè dé nígbà ọdún. Ní Kent, kò sí ìkankan nínú èyí. Àwọn kan dàgbà láìmọ Yorùbá. Wọ́n wá kó wọn padà lọ́jọ́ kan lọ bá òbí tí wọn kò mọ̀ dáadáa. Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, fi irú ayé bẹ́ẹ̀ tó gbé ní Tilbury ṣe fíìmù Farming ní 2018.

Bí ìpalára yíya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí ṣe ń bá a dé ìgbà ọ̀dọ́langba kò hàn dáadáa títí di ìgbà tí ìjọba Ceaușescu ṣubú ní Romania ní oṣù kejìlá 1989, tí ayé sì rí ọmọ tó ju 100,000 lọ nínú àwọn ilé ọmọ ìjọba. Láti 2000, àwọn olùwádìí ní Bucharest tẹ̀lé ọmọ 136, wọ́n sì gbé ìdajì wọn fún alágbàtọ́. Àwọn tó kúrò kí wọ́n tó pé ọdún méjì ló jàǹfààní jù. Ní 2004 Romania fi òfin dè é pé kí wọ́n má gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì sí irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, Michael Rutter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọmọ Romania 165 tí ìdílé Gẹ̀ẹ́sì gbà ṣọmọ, láti kékeré títí wọ́n fi dàgbà. Àwọn tó kúrò kí oṣù mẹ́fà tó pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ mìíràn. Nínú àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, làákàyè tó ti rẹlẹ̀ gòkè nígbà tí wọ́n dàgbà, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ àti àìbalẹ̀ ọkàn pọ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà ọ̀dọ́langba. Ó tó ìdá kan nínú márùn-ún wọn tí kò ní ìṣòro kankan rárá, gẹ́gẹ́ bí àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2017 ṣe fi hàn.