Hawk Mountain: Òkè tí wọ́n ti ń ka àṣá àti idì

Hawk Mountain jẹ́ òkè kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bí ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́lé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣá àti idì máa ń gbà kọjá lọ sí gúúsù.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe làwọn ọdẹ máa ń dúró síbẹ̀ yìnbọn fún wọn. Lọ́dún 1934, arábìnrin Rosalie Edge gba ilẹ̀ náà, ó sì ní kí Maurice Broun máa ṣọ́ ọ. Bí Broun ṣe ń dá àwọn ọdẹ padà, bẹ́ẹ̀ ló ń ka ẹyẹ.

August 15 sí December 15 ni wọ́n máa ń kà wọ́n. Àwọn tó ń kà á á jókòó sórí àpáta, wọ́n á gbé awò tó ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Ìyẹ́ apá, ìrù àti bí ẹyẹ ṣe ń fò ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ iye tó kọjá àti bí afẹ́fẹ́ ṣe rí sílẹ̀.

Kí làǹfààní ẹ̀? Àkọsílẹ̀ yìí ló fi hàn pé àwọn ọmọ idì tó ń kọjá ti ń dín kù. Rachel Carson lò ó nínú ìwé rẹ̀, Silent Spring, lọ́dún 1962, láti kìlọ̀ nípa DDT, ìyẹn oògùn apakòkòrò. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá hàn pé DDT ń sọ èèpo ẹyin idì di fẹ́lẹ́, tó fi ń fọ́ kó tó pa. Amẹ́ríkà fòfin dè é lọ́dún 1972.

Látìgbà náà, idì ti tún ń pọ̀ sí i lójú ọ̀run Hawk Mountain. Kíkà ọ̀hún ò sì tíì dáwọ́ dúró.