Kámúṣáàfù: ìtumọ̀ àti ìlò

kámúṣáàfù (ọ̀rọ̀-orúkọ, a yá a láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì)

Ìtumọ̀: Ọ̀pá irin inú ẹ́ńjìnì tí àwọn gegele ara rẹ̀ ń ti fáàfù ṣí; sípíríǹgì ni ó ń dá fáàfù padà. Bí kiránkúṣáàfù bá yí lẹ́ẹ̀méjì, kámúṣáàfù a yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Toyota Corolla ní méjì: ọ̀kan fún fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, èkejì fún èyí tí èéfín ń gbà jáde.

Àpẹẹrẹ: Mẹkáníìkì náà sàmì sí ṣéènì kí ó tó yọ kámúṣáàfù.

Àkíyèsí ìlò

1. *dè* àti *dẹ̀*. Bí a bá *de* bóòtù, a mú kí ó le. Bí a bá *dẹ* bóòtù, a mú kí ó rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú *dẹwọ́*. Àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan ni ó yà wọ́n. Ẹni tí ó bá kọ "de bootu naa" láìsí àmì ti fi òǹkàwé sínú iyèméjì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì kò dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, láti ìpẹ̀kun méjèèjì wá sí àárín ni a ń dẹ bóòtù kámúṣáàfù. Láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun ni a ń dè é. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ni ó ń sọ ètò rẹ̀ gan-an àti bí yóò ṣe le tó.

2. *dẹ̀* kì í ṣe *yọ*. Bí a bá yọ bóòtù ìhà kan tán nígbà tí ìhà kejì ṣì le, sípíríǹgì fáàfù yóò máa ti ọ̀pá náà sókè ní ìhà kan ṣoṣo. Ó lè tẹ̀, ó sì lè ṣẹ́. Nítorí náà ni a fi ń sọ pé: "Dẹ gbogbo wọn díẹ̀díẹ̀ kí o tó yọ ọ̀kankan."

3. *fi ọwọ́ yí*. Èyí ni pé kí a fi sípánà yí kiránkúṣáàfù, kì í ṣe pé kí a sítáàtì ọkọ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti fi ọ́ìlì pa kámúṣáàfù tuntun, tí a dè é, tí àmì táímìnì sì bára mu, a ó fi ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀méjì, a ó sì tún yẹ àmì náà wò. Bí ó bá há, a kì í fipá yí i: ó lè jẹ́ pé písítìnì ti kan fáàfù.

Wo pẹ̀lú: fáàfù, kiránkúṣáàfù, táímìnì.