Dídákú àti ìgbì iná ọpọlọ

Dídákú ni kí ènìyàn má mọ ara rẹ̀ àti ohun tó ń lọ láyìíká mọ́. Ó lè dé bá ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ ní oko Kàbà, ẹni tí ọ̀kadà gbá, tàbí ẹni tí wárápá mú.

Iná kékeré inú ọpọlọ a máa yí padà nígbà náà. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ láti orí ènìyàn ní 1924. Bí ènìyàn bá lajú sílẹ̀, ìgbì rẹ̀ a kéré, a sì yára. Bó bá pajú dé, a di ìgbì 8 sí 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí oògùn iṣẹ́ abẹ bá gbé e lọ, ìgbì ńlá tó ń wọ́, tí kò tó 4, a gbilẹ̀. Bí oògùn bá pọ̀ jù, ìlà ìgbì náà a tẹ́, a tún ru sókè. Ti wárápá yàtọ̀: ìgbì a yọ ṣonṣo, nítorí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ń tanná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwádìí dókítà Kayọ̀dé Òṣuntókun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó jáde ní 1987, fi hàn pé bí ènìyàn 5 nínú 1,000 ló ní wárápá.

Ẹni tó bá dákú, tó sì ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.