Píánò: Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Gé Ní Ìrù

Ní èdè Ítálì, "piano" kì í ṣe orúkọ ohun èlò orin ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló túmọ̀ sí. "Forte" ni ìkejì rẹ̀: kíkan, tagbáratagbára.

Ní nǹkan bí ọdún 1700, ní ìlú Florence, Bartolomeo Cristofori tó ń ṣiṣẹ́ fún ìdílé Medici, àwọn tó ń ṣàkóso ìlú náà, kan dùùrù tuntun kan. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, cembalo, ṣe ni í máa ń ta okùn rẹ̀. Bí o rọra tẹ̀ ẹ́, bí o gbá a, bákan náà ni yóò dún. Òòlù kéékèèké ni Cristofori fi sínú tirẹ̀. Bí ìka bá rọ̀, ohùn á rọ̀; bí ìka bá le, ohùn á ké. Àkọsílẹ̀ ẹrù ìdílé náà lọ́dún 1700 pè é ní ohun èlò tó ń ṣe piano àti forte. Bí "pianoforte" ṣe dé nìyẹn, kí ahọ́n tó gé ìrù rẹ̀ dànù. "Jẹ́jẹ́" ló wá kù, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ń gbá a bí ẹni ń gúnyán!

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí jẹ́jẹ́ fi ṣe pàtàkì, ẹ gbọ́ sónátà tí Donizetti, ọmọ Ítálì tó ń kọ orin, kọ fún fèrè àti píánò ní 1819. Níbi tí fèrè bá ti sọ̀ kalẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í lágbára. Àfi kí ẹni tó jókòó sídìí píánò rántí ohun tí orúkọ náà ń wí.